"Ẹ wá a kí ẹ tó béèrè": ọdún mẹ́ta mi pẹ̀lú àpótí ìwákiri kan

Forum àwa olósìn adìyẹ kan, ibi ìjíròrò wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹni tó ń bójú tó o kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì ṣe mí níbi. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n tó wà lórí ẹ̀ pọ̀, àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí ló ń dáhùn ìbéèrè níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá ti kọ, tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di abẹ́rẹ́ tó bọ́ sómi. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún àpótí ìwákiri wọn, ibi tí à ń tẹ ọ̀rọ̀ tí à ń wá sí. Àánú ni mo fi fún wọn ní ọ̀kan. Èkejì, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, àwọn broiler (adìyẹ tí à ń sìn fún ẹran) mi 200, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Ìyẹ́ wọn wálẹ̀, ìgbẹ́ wọn funfun, ó ń ṣàn bí omi. Aago mọ́kànlá ti kọjá, dókítà ẹran tí mo mọ̀ ò gbé fóònù. Mo rántí pé ọ̀gá kan ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ àìsàn adìyẹ méjì, Gumboro àti coccidiosis, lórí forum yẹn: coccidiosis sábà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ wá nínú ìgbẹ́, Gumboro ló ń ya funfun, àwọn ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló sì máa ń mú jù. Ìyẹn ni mo rántí. Ohun tó ní ká ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mi ò rántí.

Mo tẹ "Gumboro". Ojú ewé 14 ló jáde, ìpolówó ló kún ibẹ̀. Àwọn tó ń ta àjẹsára a máa lẹ orúkọ gbogbo àìsàn àti àjẹsára mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ wọn. Bí wọ́n bá kí yín kú ọdún lásán, "Gumboro, Lasota" á wà nísàlẹ̀ ìkíni náà. Èyí tó bá tuntun jù ló máa ń wà lókè, kò sì síbi tí èèyàn ti lè sọ fún un pé èyí tó bá ọ̀rọ̀ mi mu jù ni kó kó síwájú. Mo tẹ ọ̀kan tó jọ ọ́. Ó gbé mi lọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìjíròrò tó ní ojú ewé 46. Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá wà nínú ẹ̀ níbì kan, àmọ́ èmi ni kí n máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Dátà ń lọ, adìyẹ ń kú. Mo ní kí n padà sẹ́yìn, wọ́n ní ìwákiri yẹn ti kọjá àkókò, kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun, wọ́n ní kí n dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí n tó tún wá nǹkan. Mo dúró. Àwọn adìyẹ ò dúró ní tiwọn.

Mo wá ní kí n fi Yorùbá wá a, torí Yorùbá ni ọ̀gá yẹn fi kọ ọ́. "Omi": wọ́n ní ó kúrú jù. "Ikú": ó kúrú jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló là mí lójú lẹ́yìn náà. Ó ní ọ̀pọ̀ forum àtijọ́ ló ń kó ọ̀rọ̀ wọn pa mọ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ MySQL, àti pé oríṣi kan nínú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, kì í ka ọ̀rọ̀ tí kò bá tó lẹ́tà mẹ́rin sí nǹkan kan. Àwa tí omi, ewé, ata, ikọ́, ẹyẹ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ńkọ́? Kódà "egg" àwọn Òyìnbó pàápàá ò rọ́nà wọlé, lórí forum adìyẹ!

Ẹyin ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ mìíràn, mo ń wá ọ̀rọ̀ lórí ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù, ni mo bá tẹ "eyin" lásán. Ó kó "ẹ̀yin ará" wá, ó kó "ẹ̀yìn ọdún" wá, ó kó obìnrin kan tí eyín ń dùn wá, àti ẹnì kan tó fẹ́ ta ẹyìn ọ̀pẹ. Ẹyin adìyẹ gangan ò ju mẹ́ta lọ. Mo wá fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàmì-tàmì. Kò rí ẹyọ kan. Àṣé ẹ tó ní àmì lábẹ́ yìí, ọ̀nà tí à ń gbà tẹ̀ ẹ́ ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan wà tí àmì rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ látilẹ̀. Òmíràn, e lásán ni wọ́n lẹ àmì mọ́ lábẹ́. Àwọn kan sì ń fa ìlà kékeré sábẹ́ e. Lójú tèmi tiyín, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò mọra rí. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, ti la ọ̀nà sílẹ̀ tipẹ́ láti sọ méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan kí ìwákiri tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò kàn lò ó ni. Mi ò tíì sọ ti adìẹ àti adìyẹ o. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wá a ò ní rí èkejì láéláé.

Google ló gbà mí lóru yẹn. Mo tẹ site: mo lẹ àdírẹ́sì forum náà mọ́ ọn kó lè jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló máa wá, mo wá fi "ìgbẹ́ funfun" sínú àmì àyọlò. Ìkejì tó jáde ni. Ọ̀gá yẹn ní kò sí oògùn tó ń wò ó: ẹ fún wọn lómi tó mọ́ tó ní fítámì, ẹ má jẹ́ kí òtútù mú wọn, ẹ má sì fi bàtà ibẹ̀ wọ ilé adìyẹ mìíràn. Ẹni àkọ́kọ́ tó dúpẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni èmi fúnra mi, "ẹ ṣé gan-an ọ̀gá, mo ti fi pa mọ́." Kí ni mo fi pa mọ́? Ibo ni mo fi í sí? Àmọ́ yàrá inú forum náà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ní password nìkan ló lè wọ̀ ọ́, Google náà ò ríbẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àkọlé tó wà lókè forum náà ní lẹ́tà gàdàgbà: Ẹ WÁ A KÍ Ẹ TÓ BÉÈRÈ. Mo ti rí ọmọdé kan tí wọ́n bú gan-an pé ìbéèrè rẹ̀ ti ní ìdáhùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wá a kẹ̀! Mo gbìyànjú rẹ̀ fúnra mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tó lò, èmi náà ò rí i. Ẹni tó bú u ò sì fi ibi tó wà hàn án.

Mo kọ̀wé sí ádímìn, ẹni tó ń bójú tó forum náà. Ó dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní òun nìkan ló ń ṣe é, lẹ́yìn ibi iṣẹ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún ohun kan ṣe: bí ẹ bá tẹ èsì kan báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an ló ń gbé yín lọ. Ìràwọ̀ kejì nìyẹn. "Omi" ṣì kúrú jù.