Ààlà mẹ́mọ́rì fún àwọn kọ̀ǹténà LXC: ohun tí ojú mi rí lórí sáfà àjọlò

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lo LXC, irinṣẹ́ Linux tí ó ń pín kọ̀ǹpútà kan sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a ń pè ní kọ̀ǹténà, lórí sáfà (server) kan ṣoṣo tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì dá owó rà ní Tanke, ní Ìlọrin. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 16 GB, kọ̀ǹténà mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀: ti ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òmù-Àrán, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ọ̀fà, ti ilé ìtajà oògùn kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo, àti tiwa tí a fi ń dán iṣẹ́ wò. Kernel kan náà, ìyẹn ọkàn Linux, ni gbogbo wọn jọ ń lò, nítorí náà mẹ́mọ́rì tí ọ̀kan kò bá lò, òmíràn lè lò ó. Ohun tí ó mú mi yàn án nìyí, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé oníbàárà lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Kì í ṣe LXC fúnra rẹ̀ ló ń pààlà. Cgroup, apá kan kernel Linux tí ó ń díwọ̀n ohun tí àwọn ètò lè lò, ló ń ṣe é, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ Google bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí ó sì wọ Linux 2.6.24 ní oṣù kìíní 2008. Ní 2016, Linux 4.5 gbé ẹ̀yà kejì rẹ̀ jáde, orúkọ ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀ sì yí padà.

Nígbà tí mo gbé sáfà wa láti Debian 10 (irú Linux tí a ń lò) bọ́ sí Debian 11, tí ó ń lo ẹ̀yà kejì yìí, n kò fọwọ́ kan àwọn fáìlì ètò mi. Ìlà tí ó wà nínú ti ilé-ẹ̀kọ́ náà ni lxc.cgroup.memory.limit_in_bytes = 4G. Kọ̀ǹténà náà dìde, kò ráhùn, mo sì gbà pé ààlà wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí èsì ìdánwò jáde, tí àwọn òbí ń rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ètò PHP tí ó ń gbé ojú-òpó ilé-ẹ̀kọ́ jáde ń bí sí i títí mẹ́mọ́rì gbogbo sáfà fi tán. Kì í ṣe Òmù-Àrán ni ìpè ti kọ́kọ́ wọlé. Akọ̀wé alájẹṣẹ́kù ló pè mí láti Ọ̀fà: “Alfa, ẹ jọ̀ọ́, a kò rí àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ o, wọ́n sì ti kún iwájú tábìlì mi.”

Dátábéèsì wọn ni OOM killer, apani inú kernel, ti pa. Bí mẹ́mọ́rì gbogbo sáfà bá tán, apani yìí kì í wádìí ẹni tó dá ọ̀ràn. Ètò tí ó bá sanra jù ló sábà máa ń mú. Àwọn ètò PHP pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan, nígbà tí dátábéèsì Ọ̀fà dá jókòó gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀. Mo tẹ lxc-cgroup -n ileiwe memory.max láti wo ààlà kọ̀ǹténà ilé-ẹ̀kọ́, ìdáhùn tí ó fún mi kò ju “max” lọ, ìyẹn ni pé kò sí ààlà kankan. Lórí sáfà tí ó ń lo ẹ̀yà kejì nìkan, ńṣe ni LXC ń fo ìlà tí a kọ fún ẹ̀yà kìíní, tí yóò sì fi ìkìlọ̀ sínú fáìlì àkọsílẹ̀ rẹ̀, níbi tí ènìyàn kì í yà sí àyàfi tí nǹkan bá ti bàjẹ́. N kò dáríji í lórí èyí. Ó yẹ kí kọ̀ǹténà náà kọ̀ láti dìde ni. Ẹ̀bi tèmi ni pé n kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Lónìí, ìlà mẹ́ta ló wà fún ilé-ẹ̀kọ́ náà: lxc.cgroup2.memory.high = 3584M, lxc.cgroup2.memory.max = 4G, àti lxc.cgroup2.memory.swap.max = 512M. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Bí kọ̀ǹténà bá kọjá rẹ̀, kernel yóò máa fà á sẹ́yìn, yóò sì máa gba mẹ́mọ́rì padà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tìtorí rẹ̀ pa ètò kankan. Ojú-òpó a kàn máa falẹ̀. Bí ó bá dé orí memory.max tí kò sí ohun tí a lè gbà padà, apani yóò wọlé, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹténà náà ni yóò ti mú ẹni tí yóò mú. Ti swap, ìyẹn àyè orí dísìkì tí kernel ń lò bí mẹ́mọ́rì bá ń kún, kò ṣeé gbàgbé, nítorí pé ní ẹ̀yà kejì, ọ̀tọ̀ ni ààlà rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ ti fi swap gbogbo sáfà sílẹ̀ fún kọ̀ǹténà kan.

A lè fi lxc-cgroup yí ààlà padà láìpa kọ̀ǹténà, ohun tí mo máa ń ṣe lọ́sẹ̀ èsì, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ ọ́ sínú fáìlì, àtúntàn yóò pa á rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe bẹ̀rù bí memory.current, iye mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹténà ń lò, bá súnmọ́ ààlà, nítorí pé ó ka àwọn fáìlì tí kernel tọ́jú sí mẹ́mọ́rì mọ́ ọn. Ìlà anon nínú memory.stat, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí àwọn ètò fúnra wọn ń lò, ni mo máa ń wò. Lxcfs, irinṣẹ́ tí ó ń fi ààlà kọ̀ǹténà han ẹni tó wà nínú rẹ̀, náà wúlò, torí pé láìsí i, àṣẹ free nínú kọ̀ǹténà yóò máa fi mẹ́mọ́rì sáfà ńlá han oníbàárà, onítọ̀hún yóò sì máa bi ọ́ léèrè ibi tí 12 GB yòókù wọlé sí.

Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo máa ń ka iye oom_kill, ìyẹn iye ètò tí apani ti pa, nínú memory.events kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí mo ti tún ààlà kọ, ti Ọ̀fà ṣì wà ní 0. Ti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ 2, alẹ́ ọjọ́ èsì ni méjèèjì, Ọ̀fà kò sì pè mí.