Ilé Ìwòran Bọ́ọ̀lù Kan ní Lágere Tí Ó Ń Sọ Ìtàn Bayer Leverkusen

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù pọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, láti Mayfair dé Sábó, láti Ẹnuwá dé ojú ọ̀nà Ẹdẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì yàtọ̀ síra: bẹ́ńṣì onípákó, tẹlifíṣọ̀n ńlá, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀sán títí di alẹ́. Èyí tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò wà ní Lágere. Ẹni tó ni ín, olùkọ́ fẹ̀yìntì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà, ti ya odindi ògiri kan sọ́tọ̀ fún ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Jámánì kan ṣoṣo, èyíinì ni Bayer Leverkusen, ó sì máa ń sọ apá kan nínú ìtàn náà fún àwọn òǹwòran kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Owó tí à ń san lẹ́nu ọ̀nà kò ju ti àwọn ilé ìwòran yòókù lọ, ṣùgbọ́n ohun tí à ń rí gbà níbẹ̀ ju ìwòran lásán lọ, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tí ẹgbẹ́ kan ti pàdánù kò lè mọ ìtumọ̀ ohun tí ó jèrè.

Apá ọ̀tún ni ògiri náà wà bí a bá wọlé. Wọ́n kùn ún ní pupa àti dúdú, àwọ̀ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ àwọn ọdún àti ìṣẹ̀lẹ̀ sí i ní èdè Yorùbá tó mọ́ gaara. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1903, nígbà tí òṣìṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Wilhelm Hauschild kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Bayer, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn àti aró, tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ 170 sì fọwọ́ sí i, pé kí ilé iṣẹ́ náà ran àwọn lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá gbà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1904 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí 04 fi wà lára orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ọdún 1907 ni wọ́n tó dá ẹ̀ka bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó máa ń ya àwọn ará Ifẹ̀ lẹ́nu, àwa tí a gbà pé ìlú ti wà kí ohun gbogbo tó wà: ẹgbẹ́ náà dàgbà ju ìlú tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ. Ọdún 1930 ni wọ́n tó sọ ìlú náà ní Leverkusen, láti fi rántí Carl Leverkus, apoògùn tó kọ́kọ́ kọ́ ilé iṣẹ́ aró sí àgbègbè náà kí Bayer tó rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè níṣojú mi lọ́jọ́ kan pé, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló kan ilé iṣẹ́ oògùn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù gbígbá?” Tíṣà kò bínú sí ìbéèrè náà rárá. Ó ní, “Ọmọ mi, bi àwọn bàbá yín léèrè nípa Leventis United ti Ìbàdàn àti Stationery Stores ti Èkó.” Ó wá ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò àti ilé iṣẹ́ ṣe dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa náà, bí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣe gbajúmọ̀ tó, àti bí wọ́n ṣe kógbá wọlé nígbà tí owó tàbí ìfẹ́ ẹni tó ni wọ́n tán. Ti Leverkusen kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló béèrè fún un, ilé iṣẹ́ náà kò sì fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà wá. N kò tíì gbọ́ àlàyé tó ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu àwọn asọ̀rọ̀ eré ìdárayá lórí rédíò.

Ògiri náà kò pẹ́ lórí àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, n kò sì rò pé ó yẹ kí ó pẹ́. Ní 1979 ni ẹgbẹ́ náà gòkè wọ Bundesliga, líìgì tó ga jù lọ ní Jámánì, wọn kò sì tíì já sí ìpele kejì láti ìgbà náà. Ní 1988 ni wọ́n gba ife UEFA, ife ńlá wọn àkọ́kọ́, lọ́nà tí Tíṣà máa ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe: Espanyol nà wọ́n ní 3-0 ní ilẹ̀ Spain, ìdajì eré kejì sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Leverkusen láìsí góòlù kankan kí Tita, Falko Götz àti Cha Bum-kun, ará Kòríà, tó jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí eré fi dé orí pẹnáritì, tí Leverkusen sì borí ní 3-2. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọdún 1993, nígbà tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo láti ẹsẹ̀ Ulf Kirsten.

Ibi tí iṣẹ́ Tíṣà ti ta yọ jù lọ ni pé ààyè tó fẹ̀ jù lọ lórí ògiri náà, ọdún 2000 àti 2002 ló fi í fún, ọdún méjì tí ẹgbẹ́ náà sunkún. Ẹlòmíràn ì bá fò wọ́n dá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, Leverkusen fi àmì mẹ́ta ṣáájú Bayern Munich, ọ̀mì lásán ni wọ́n sì nílò ní Unterhaching, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Munich, kí ife líìgì tó di tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Michael Ballack, ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé nígbà náà, fẹ́ lé bọ́ọ̀lù kúrò níwájú ilé, ó sì gbá a sínú àwọ̀n tiwọn. Unterhaching tún jẹ góòlù kejì. Bayern na Werder Bremen ní 3-1 lọ́jọ́ kan náà, àmì àwọn méjèèjì wá dọ́gba, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ góòlù Bayern sàn jù, ife sì lọ sí Munich.

Ti 2002 le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Klaus Toppmöller, ẹgbẹ́ náà fi àmì márùn-ún ṣáájú nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta; Werder Bremen nà wọ́n, Nürnberg nà wọ́n, Borussia Dortmund sì fi àmì kan péré gba ife líìgì. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, Schalke nà wọ́n ní 4-2 ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Jámánì. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pàdé Real Madrid ní àṣekágbá Champions League ní Glasgow, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé Liverpool àti Manchester United jáde nínú ìdíje náà. Raúl kọ́kọ́ jẹ ẹ, Lúcio dá a padà, ṣùgbọ́n bí ìdajì àkọ́kọ́ ṣe ń parí lọ, bọ́ọ̀lù kan ti òkè sọ̀kalẹ̀, Zinedine Zidane sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a kí ó tó kan ilẹ̀. Góòlù náà ló parí ọ̀rọ̀, 2-1. Ife mẹ́ta ni wọ́n dojú kọ láàárín oṣù kan, wọn kò sì rí ọ̀kankan mú lọ sílé. Tíṣà kì í dúró síbẹ̀. Yóò fi kún un pé ní òpin oṣù Kẹfà ọdún kan náà, Carsten Ramelow, Bernd Schneider àti Oliver Neuville, tí gbogbo wọn jẹ́ ará Leverkusen, tún wà lórí pápá nígbà tí Brazil na Jámánì ní àṣekágbá Ife Àgbáyé, àti pé Lúcio nìkan, tí òun wà ní ẹ̀gbẹ́ Brazil, ló rí nǹkan gbé sókè nínú wọn. Àwọn tó wà nínú ilé máa ń dákẹ́ nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, títí kan àwọn tó wọ aṣọ Chelsea àti Arsenal, tí wọn kò bá ti ìtàn Leverkusen wá síbẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyẹn tán ló lè mọ ohun tí sáà 2023/24 jẹ́. Nígbà tí Xabi Alonso gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ẹgbẹ́ kan péré ló wà lẹ́yìn Leverkusen nínú líìgì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n na Werder Bremen ní 5-0, ife Bundesliga sì di tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún. Florian Wirtz jẹ mẹ́ta nínú márùn-ún náà, ṣùgbọ́n Victor Boniface, ọmọ tí a bí ní Àkúrẹ́, ló fi pẹnáritì ṣí ọ̀nà. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe dùn tó fún ilé tó kún fún àwọn ọmọ Yorùbá. Wọ́n parí líìgì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà wọ́n, wọ́n borí ní ìgbà 28, wọ́n sì gbá ọ̀mì mẹ́fà, ohun tí ẹgbẹ́ kankan kò ṣe rí nínú Bundesliga. Ògiri náà ṣe dáadáa láti kọ àwọn góòlù ìparí eré tó gba ẹgbẹ́ náà là síbẹ̀: nínú Europa League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, Patrik Schick tó jẹ méjì sí Qarabağ lẹ́yìn tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti pé, àti Josip Stanišić tó jẹ ọ̀kan sí Roma ní ìṣẹ́jú 97.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 láìfìdírẹmi nínú gbogbo ìdíje, Atalanta nà wọ́n ní 3-0 ní àṣekágbá Europa League ní Dublin, ọmọ tiwa Ademola Lookman ló sì jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alẹ́ ọjọ́ náà pín ilé ìwòran yìí sí méjì, nítorí pé Boniface àti Nathan Tella wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, Lookman sì wà ní èkejì, àwọn tó ń yọ̀ àti àwọn tí inú wọn bàjẹ́ sì jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà. Mo yin Tíṣà fún bí ó ṣe kọ ọjọ́ yẹn sí ara ògiri pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bákan náà pẹ̀lú ti ọjọ́ ayọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, góòlù Granit Xhaka fún wọn ní ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Jámánì lórí Kaiserslautern ní Berlin.

Àwọn ohun kan wà tí ó yẹ kí a tún ṣe. Lórí ọdún 1993, ohun tí a kọ sí ara ògiri ni pé Leverkusen na Hertha ti Berlin. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé, nítorí pé ẹgbẹ́ kejì Hertha, àwọn ọ̀dọ́ tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù àgbà, ni wọ́n pàdé lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí láti dé àṣekágbá sì yẹ fún gbólóhùn kan. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ògiri náà kò sọ ohunkóhun nípa òfin ilẹ̀ Jámánì tó ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ní ju ìdajì ìbò lọ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Wọ́n yọ Leverkusen kúrò lábẹ́ òfin yìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yọ Wolfsburg tí ó jẹ́ ti Volkswagen, nítorí pé ilé iṣẹ́ Bayer ti ń tì í lẹ́yìn tipẹ́tipẹ́, ilé iṣẹ́ náà ló sì ni gbogbo rẹ̀. Ìdí kan nìyí tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Jámánì kò fi fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà, bí ó ti wù kí ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa tó. Ògiri tó sọ òtítọ́ nípa ìpàdánù bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó sọ òtítọ́ nípa ohun ìní náà. Mo sọ fún Tíṣà, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn pé ààyè kò tó. N kò gbà pẹ̀lú wọn lórí èyí, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣì wà lófìfo.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, bẹ́ńṣì iwájú ni kí ẹ wá. Fáànù méjì ló wà, afẹ́fẹ́ wọn kò dé ẹ̀yìn, ooru sì máa ń mú gan-an nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Ìyá kan ń ta àkàrà àti omi tútù lẹ́nu ọ̀nà, àkàrà wọn sì dára. Ìṣòro tó ga jù ni ariwo: tẹlifíṣọ̀n méjì ló wà, bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, a kì í gbọ́ ohùn asọ̀rọ̀ eré Jámánì mọ́. Ó yẹ kí wọ́n fi ohun kan pín ilé náà sí méjì.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn náà láti ẹnu Tíṣà, kí ó wá ní ọjọ́ Sátidé tí Leverkusen bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán. Aago mẹ́ta ààbọ̀ wa ni eré ọ̀sán Bundesliga máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta, ó sì máa ń di aago méjì ààbọ̀ nígbà tí àwọn ará Jámánì bá yí aago wọn padà. Ìtàn ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, Tíṣà kì í sì í tún un sọ fún ẹni tó bá pẹ́ dé.