Kíláàsì òfin tí mo sanwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ wa bí òfin ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ń wo ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara. Ti Brazil ló dùn mọ́ mi jù, òfin 1989 ní ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n, nígbà tó di 2012 wọ́n tún ní kí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, àmọ́ ní Amẹ́ríkà, kóòtù tó ga jù ní 2023 ní kí wọ́n má wo àwọ̀ mọ́ tí wọ́n bá ń gbani wọlé sí yunifásítì. Faransé ò tiẹ̀ gbà kí wọ́n bi èèyàn ní àwọ̀ ẹ̀ nínú ìkànìyàn, ẹ gbà mí o! Wọ́n kàn sáré kọjá ti Gẹ̀ẹ́sì ni ṣá. Fídíò wọn ń há, dátà mi jóná. Ìràwọ̀ mẹ́ta péré.