Náùn àti pronáùn: ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì

Náùn, ìyẹn ọ̀rọ̀-orúkọ, ló ń dárúkọ nǹkan: Osogbo, market, teacher. Pronáùn kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni, ńṣe ló ń dúró fún orúkọ tá a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo “The grove is in Osogbo. It became a World Heritage Site in 2005”, it yẹn ò lè yé èèyàn àfi tí the grove bá ti ṣáájú.

Náùn ò le rárá, ẹ lè fi the tàbí big síwájú irú èyí tó dà bíi market àti teacher, náùn kì í sì í yí padà bóyá òun ló ṣe nǹkan àbí òun ni wọ́n ṣe é sí: Bola saw Tunde, Tunde saw Bola. Pronáùn ni wàhálà wà, he á di him, she á di her, I á di me.

Èyí tó ń dá àwa ará Òṣogbo láàmú jù ni “ó” àti “wọ́n”. “Ó” tiwa kárí ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ní he, she, it lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá sì béèrè ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ á ní “They have gone to Oja Oba” torí ó ń bọ̀wọ̀ fún wọn, ìwà dáadáa ni o, kò yẹ kí tíṣà tìtorí ẹ̀ nà án, àmọ́ she ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ níbẹ̀, has ló sì ń tẹ̀lé e. Tí he àti she bá ṣì ń rú ọmọ lójú, ẹ jẹ́ kó ṣì máa lo náùn ná: My mummy has gone to Oja Oba.