Metacritic àti owó àpò wa: ṣé ká máa tẹ̀lé máàkì wọn ká tó ra géèmù?

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí o: Metacritic, ìyẹn ìkànnì tó ń kó máàkì táwọn èèyàn fún géèmù jọ, dáa, mo máa ń ṣí i kí n tó náwó lórí géèmù èyíkéyìí, mo sì ti fi han ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn mi níbí ní Abuja. Àmọ́ nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lókè yẹn, tó jẹ́ pé ibẹ̀ lojú gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ lọ, òun ló wúlò kéré jù nínú gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í débẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni mo ń sọ. Géèmù PS5 tuntun, 70 dọ́là ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀ jáde lókè òkun. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, nǹkan bíi 460 náírà la fi ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì, nígbà tó fi máa di 2024 ó ti gun orí 1,500, ẹ wá fi 70 lu 1,500 kẹ́ ẹ wo ohun tó máa fún yín: 105,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lóṣù keje 2024, 70,000 náírà ni. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gba owó yẹn á ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko, kò ní fẹnu kan oúnjẹ, kò ní wọ mọ́tò láti Nyanya wá sí Central Area, síbẹ̀ owó ẹ̀ ò ní ra géèmù kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni PlayStation ò ní ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà, àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti UK la ń lò, gift card la fi ń rà á, tẹ́ ẹ bá sì ti dáúnlóòdù ẹ̀ tán tẹ́ ẹ wá rí i pé kò wù yín, ó di kẹ́ ẹ gba kámú. Síídì ló sàn díẹ̀, torí èèyàn ṣì lè tà á padà tàbí kó fi ṣe pààrọ̀. Ẹni tó bá máa kó irú owó báyìí sílẹ̀, ó yẹ kó mọ ẹni tó ń fetí sí.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ wọ́n, ọdún 2001 ni Metacritic bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í ta géèmù, wọn kì í sì í jókòó gbá a kí wọ́n tó fún un ní máàkì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kó rifíù, ìyẹn àlàyé àti máàkì táwọn ìkànnì tó ń yẹ géèmù wò bíi IGN àti GameSpot kọ, jọ, ẹni tó fún un ní 8 nínú 10 wọ́n á sọ tiẹ̀ di 80, ẹni tó fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5 tiẹ̀ náà á di 80, wọ́n á wá wo ibi tí gbogbo ẹ̀ fì sí láàárín, ìyẹn ni wọ́n á gbé sókè. Láti 75 lọ sókè, àwọ̀ ewé ni, 50 sí 74 jẹ́ yẹ́lò, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn pupa ni. Ohun tí mi ò gbà fún wọn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn kan wúwo ju tàwọn kan lọ nínú ìṣirò yẹn, wọn ò sì jẹ́ sọ ti ta ló wúwo àti bó ṣe wúwo tó. Owó wa lẹ ń darí, kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń fi ìyẹn pamọ́? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì yẹn ni tàwa tá à ń gbá géèmù wà, tiwa ò ju 10 lọ.

Ṣé máàkì yìí ń mú èèyàn ra géèmù lóòótọ́? Ó ń mú wọn rà á dáadáa. Ní 2010, EEDAR, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣèwádìí nípa ọjà géèmù, àti yunifásítì SMU ní Texas dán an wò. Wọ́n pe àwọn èèyàn wá gbá Plants vs. Zombies, wọ́n fi rifíù tó fún un ní máàkì ńlá han àwọn kan, wọ́n fi èyí tí máàkì ẹ̀ kéré han àwọn míì, wọn ò fi nǹkan kan han àwọn tó kù. Nígbà tí wọ́n gbá a tán, wọ́n ní kí kálukú mú ọ̀kan, yálà géèmù yẹn tàbí 10 dọ́là lówó. Àwọn tó rí máàkì ńlá tó mú géèmù ju ìlọ́po méjì àwọn tó rí máàkì kékeré lọ. Ẹ wo nǹkan o, géèmù kan náà ni, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbá a, síbẹ̀ ohun tẹ́lòmíì sọ nípa ẹ̀ ló bá wọn pinnu.

Níbí náà mo fojú mi rí i. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Banex, Wuse 2, ni bàbá kan wọlé, káàdì ibi iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó fẹ́ ra géèmù fún ọmọ ẹ̀ ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 1. Ọmọkùnrin tó ń tajà yọ síídì mẹ́ta, ó yí ẹ̀yìn wọn sí iná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí bàbá lè rí i pé nǹkan kan ò ha á, ó tò wọ́n sórí gíláàsì. Bàbá yọ fóònù, ó tẹ orúkọ Elden Ring, ó rí 96 nínú àwọ̀ ewé, lójú ẹsẹ̀ ló nawọ́ sí i. "Èyí ló dáa jù nínú wọn." Ọlọ́jà ò sọ nǹkan kan, ọjà ẹ̀ ló ń tà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dákun, ọmọ yín ò tíì tó o." Mo yí páálí ẹ̀ fún wọn, mo fi 16 tí wọ́n tẹ̀ sójú ẹ̀ hàn wọ́n, mo sọ fún wọn pé géèmù tó le ni, tó jẹ́ pé àgbàlagbà gan-an á kú níbì kan náà títí á fi fẹ́ẹ̀ sunkún, àti pé nǹkan tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe fún ọmọ ọdún 11. Wọ́n wò mí, wọ́n tún wo fóònù wọn. "Àbúrò, ẹ ṣé, kò kọ ọ́ síbí o." Lóòótọ́, máàkì yẹn ò sọ ọ́. Géèmù bọ́ọ̀lù ni wọ́n mú lọ.

Ohun tí mo rí nínú ìyẹn ni pé ẹni tí máàkì ń darí jù ni ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa géèmù: àwọn òbí, àwọn tó fẹ́ fi ta èèyàn lọ́rẹ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra PS. Àwọn yìí ló sì yẹ kó ka àlàyé jù, àwọn ni kì í kà á.

Ẹ wá lọ bá ẹni tó ní sẹ́ńtà géèmù ní Kubwa kẹ́ ẹ sọ fún un pé àwọn oní rifíù ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tọdún yìí. Kò kàn án! Àwọn ọmọ tó ń sanwó fún un lórí máàṣì kọ̀ọ̀kan fẹ́ rí jẹ́sí tuntun, wọ́n fẹ́ rí ẹni tó kúrò ní kílọ́ọ̀bù yìí tó lọ sí tọ̀hún, tí kò bá ní tuntun wọ́n á sọdá sọ́dọ̀ ẹni tó ní in lódìkejì títì. FIFA 23 jáde ní 2022, ẹ lọ wo máàkì táwọn tó ń gbá a fún un, pupa ni, síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ó ti lé ní mílíọ̀nù 10 èèyàn tó ń gbá a. Ti eFootball 2022 tún le jùyẹn lọ, nígbà tó jáde ní 2021 gbogbo ayé ló bú u, ojú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ burú débi pé àwòrán wọn gba orí Twitter kan, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni, lónìí ẹ wo inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Lugbe, ẹ máa rí ọmọ tó ń gbá a lórí fóònù. Ibi tí owó ò bá sí nínú ọ̀rọ̀, rifíù ò lágbára.

Ọ̀rẹ́ sì tún lágbára ju máàkì lọ. Among Us ti jáde láti 2018, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ̀, ìgbà táwọn tó ń gbá géèmù lórí Twitch àti YouTube gbé e ní 2020 ló tó gba gbogbo ilé kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti Cyberpunk 2077. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2020 ló jáde. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, èyí tí wọ́n fi ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà nìkan ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi ránṣẹ́ sáwọn oní rifíù, wọn ò fún wọn ní ti PS4, wọn ò sì gbà kí wọ́n fi fídíò tí wọ́n fúnra wọn ká hàn, fídíò ilé iṣẹ́ ni kí wọ́n lò. Àwọn oní rifíù kọ ohun tí wọ́n rí, máàkì gòkè, mílíọ̀nù 8 èèyàn ló ti sanwó sílẹ̀ dè é. Nígbà tó wá délé àwọn tó ní PS4, ó ń há, ó ń pa ara ẹ̀, ojú èèyàn inú ẹ̀ ń yọ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony tó ni PlayStation fi yọ ọ́ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, oṣù kẹfà 2021 ló tó padà síbẹ̀. Ẹ lọ wo Metacritic ẹ̀ lónìí, ti kọ̀ǹpútà 86, ti PS4 57! Orúkọ kan náà, páálí kan náà, ọ̀kan wà nínú àwọ̀ ewé, ọ̀kan wà nínú yẹ́lò. Sony dá owó àwọn tó rà á ní ṣọ́ọ̀bù wọn padà, àmọ́ ẹni tó ra síídì ẹ̀ ní Abuja, ta ni kó gbé e lọ bá? PS4 ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ wa nígbà yẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n wo máàkì ẹ̀rọ tó wà nílé wọn, kí wọ́n fi ti ẹ̀rọ ẹlòmíì sílẹ̀. Metacritic pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ńlá lèyí, mo yìn wọ́n fún un, ìyẹn gan-an nìdí tí mi ò fi lè pa wọ́n tì.

Àwọn tó ń ṣe géèmù náà ń fara gbá a. Ilé iṣẹ́ Obsidian ló ṣe géèmù Fallout: New Vegas ní 2010, wọ́n ti ṣèlérí owó ọ̀tọ̀ fún wọn tí máàkì bá dé 85 lórí Metacritic, 84 ló dé. Máàkì kan péré! Nígbà tí máàkì bá ti ní irú owó báyìí lẹ́yìn, kí ẹ má ronú pé kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kó gòkè. Ní 2007, GameSpot lé Jeff Gerstmann tó ń kọ rifíù fún wọn kúrò níṣẹ́ lẹ́yìn tó fún géèmù Kane & Lynch ní 6 nínú 10, bẹ́ẹ̀ ìpolówó géèmù yẹn kan náà ló kún ojú ìwé wọn nígbà yẹn. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ó kọ òótọ́ inú ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni mo sì máa ń dá fáwọn tó bá ní gbogbo oní rifíù ló ti gbowó.

Àwa tá a wà níbí tún ní wàhálà tiwa tí oní rifíù ìlú òyìnbó ò lè mọ̀. Síídì PS5 ti Call of Duty: Modern Warfare II tó jáde ní 2022, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 70 MB lọ, gbogbo géèmù tó kù, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa fà á. Lọ́dọ̀ ẹni tó ní wáyà íntánẹ́ẹ̀tì nílé ní London, nǹkan kékeré nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i lóṣù kìíní 2025 pé kí wọ́n lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó dátà àti owó ìpè, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn pọ̀ jù, sì fò láti 68 náírà lórí kílówáàtì-wákàtí kan lọ sí 225 lóṣù kẹrin 2024. Géèmù tó bá ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí, kò yẹ kó gba àwọ̀ ewé lọ́dọ̀ mi bó ti wù kó rẹwà tó. Èyí lẹ máa wá nínú rifíù: ṣé ó ń gbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, GB mélòó ni, ṣé ó máa ń séèfù léraléra kí iná tó lọ. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ nígbà míì, kì í sí nínú máàkì.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyí. Mo máa ń tẹ ẹ̀rọ tèmi, mo máa ń fò kọjá àwọn tó fún un ní 100, mo máa ń wá àwọn tó fún un ní 60 sí 70, torí àwọn wọ̀nyẹn fẹ́ràn géèmù tó láti parí ẹ̀, wọ́n sì bínú tó láti sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Máàkì àwọn ará ìlú, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣeé gbára lé, torí ìjà ló máa ń wà níbẹ̀. The Last of Us Part II gba 93 lọ́wọ́ àwọn oní rifíù, àwọn èèyàn ya lù ú pẹ̀lú òdo lójú ẹsẹ̀ tó jáde ní 2020, wákàtí mélòó kan péré ló ṣì lò lọ́jà, ta ló ti parí ẹ̀? Metacritic fúnra wọn rí i, látìgbà yẹn ó di ẹ̀yìn wákàtí 36 kí ará ìlú tó lè kọ tiẹ̀, èyí dáa gan-an. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ní àǹfààní sí i, Steam máa dá owó yín padà tẹ́ ẹ bá béèrè láàárín ọjọ́ 14 tẹ́ ò sì tíì gbá a ju wákàtí méjì lọ, àwa oní PS ò nírú ẹ̀.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún Metacritic. Mo máa fi ìkẹrin kún un lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ ta ló wúwo nínú ìṣirò wọn. Ìkarùn-ún, ẹ kọ iye GB sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì, àti bóyá ó ń gbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.