Mo gbé ohùn àwọn abiyamọ lọ táìpù ní Àkúrẹ́: ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù kan

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀gbẹ́ ìyá alákàrà tó wà níwájú wọn ni mo ṣì wà, nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tí mo mọ̀ dunjú. Ó ń sọ bí omi oyún ṣe ya mọ́ òun lára nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ́ńjìnnì sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín odò. Obìnrin yìí kò sí ní Àkúrẹ́ o, etíkun Ìlàjẹ ló ń gbé. Èmi ni mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé onípákó rẹ̀, èmi náà ni mo sì fẹnu ara mi sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ àfi èmi àti ẹnì kan ṣoṣo tó máa bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Sípíkà kọ̀ǹpútà ló ń gbé e jáde síta gbangba yìí. Èèyàn mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo rò pé fótókópì ni gbogbo wọn ń dúró dè. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbà kan, káwọ́ lérí, ó ní, "Háà, ó mà ṣe o."

Ara mi kọ́kọ́ tutù. Lẹ́yìn náà ló wá gbóná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ni mò ń ṣe nínú sóṣà wọ́ọ̀kì, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní wẹ́fíà. Ohun tí mò ń wá ni ìdí tí obìnrin méjì tó lóyún ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà kò fi ní ìpín kan náà. Ẹni tó ń gbé ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́, mọ́tò ló máa gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń gbé ní irú Ayétòrò ní etíkun Ìlàjẹ gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé Ìgbọ́kọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ ìlú náà, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ilé ń wó sínú omi. Ìjọba kò jókòó lásán, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: ní 2009 ni ètò Abíyè, ètò ìtọ́jú aláboyún, bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n olùwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, ti kọ ọ́ láti 1994 pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aláboyún: kí wọ́n pẹ́ nílé kí wọ́n tó pinnu láti lọ, kí wọ́n pẹ́ lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì dé ibẹ̀ tán kí wọ́n má tètè rí ìtọ́jú. Ti ojú ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ mi dá lé.

Ṣọ́ọ̀bù mìíràn ni mo kọ́kọ́ lò. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi parí iṣẹ́, ìwé wọn sì mọ́ tónítóní. Ìgbà tí mo jókòó kà á, "kò ṣe kedere" ló kún inú rẹ̀. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, 63 ni mo bá nínú ọ̀rọ̀ wákàtí kan tí ìyá apẹja kan sọ. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní Alágbàká ńkọ́? Ẹyọ kan kò sí níbẹ̀. Rìkọ́dà kan náà ni, ohùn méjèèjì sì dún ketekete. Ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ ni kò yé ẹni tó ń táìpù, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Ulé" lásán, tí àwọn àgbà Àkúrẹ́ fúnra wọn ń pe ilé, ó kọ "kò ṣe kedere" sí i! Àwọn tí mo torí wọn ṣe ìwádìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn di àfo. Mo sunkún lóru ọjọ́ yẹn.

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù kejì yìí nìyẹn, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. ₦12,000 ni wọ́n ń gbà lórí ohùn wákàtí kan. Ọ̀gá wọn buwọ́ lu ìwé ìpàṣírímọ́ tí mo mú lọ, kò sì kà ju ìlà méjì lọ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó. Mo wá kìlọ̀ fún wọn pé ohun tí mi ò fẹ́ rí ni "kò ṣe kedere".

Mo wọlé lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa sípíkà náà. Ọmọbìnrin tó ń táìpù dìde, ó kúnlẹ̀, "Ẹ kú ọ̀sán, mà." Mo ní, "Ta ló ní kí o ṣí i síta?" Kò fọhùn. Ọ̀gá jáde láti ẹ̀yìn, ó ń nu tàdáwà kúrò lọ́wọ́. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbí. Wọn ò kúkú dárúkọ ẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ló bí mi nínú jù. Ará Ìlàjẹ pọ̀ ní Àkúrẹ́. Nínú ohùn yẹn, obìnrin náà dá orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ojú omi ọkọ rẹ̀. Ọmọ abúlé wọn tó bá gbọ́ ìyẹn, kí ló tún kù tí kò mọ̀? Mo sọ fún un pé òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun ẹlẹgẹ́, pé ìwádìí ìlera ní ìlànà tirẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí láti 2007. Ó ní, "Àǹtí, iṣẹ́ la ń bá yín ṣe." Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní wọ́n ti fi ra epo jẹnẹrétọ̀, pé ìdajì ni òun lè rí san, ó sì di ọjọ́ márùn-ún. A fà á títí ìyá alákàrà fi fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá là wá.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin yìí fa ìwé kan yọ lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ìwé táwọn ọmọ iléèwé ń lò, ó ṣí i síwájú mi. Ojú ìwé mẹ́rin ló fi biro pupa kọ. Ìṣẹ́jú wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ tí kò yé e wà láàárín, ìtumọ̀ wà lápá ọ̀tún. Ta ló túmọ̀ wọn? Ìyá tó káwọ́ lérí lórí bẹ́ǹṣì ni. Ìyá náà kò wá ṣe fótókópì rárá. Ọmọ Ìgbọ́kọ̀dá ni, ẹja gbígbẹ ló ń tà lọ́jà, aago méjì ọ̀sán ló sì ń yà síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti gbọ́ ibi tó bá le fún ọmọbìnrin náà. Etí rẹ̀ ti di díẹ̀, ìyápíìsì kò gbè é, ni wọ́n ṣe ṣí sípíkà. Ọmọbìnrin náà ní, "Mà, ẹ ní ẹ ò fẹ́ rí kò ṣe kedere." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo gba iṣẹ́ tó ti ṣe, mo lọ sílé.

Mo ka ìwé yẹn di aago kan òru. Ọ̀gbẹ́ni ọ̀gá yẹn kò mọ irú òṣìṣẹ́ tó ní! "Ọma" ni obìnrin náà wí, "ọma" ni ó kọ, kò sọ ọ́ di "ọmọ". Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógójì, ibi tí obìnrin náà ti dárúkọ ọmọ tó kú, ó kọ ọ́ pé: "ó dákẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 11, adìyẹ kan ń ké, ó ní ká máa bọ̀." Èmi tí mo jókòó níwájú obìnrin náà, mi ò rántí adìyẹ yẹn àfi ìgbà tí mo kà á. Ó tún tún mi ṣe níbi tó ṣe pàtàkì jù. Mo ti gbọ́ ọ sí pé kò rówó ọkọ̀. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́kọ̀ ló ní kí èrò kún ná kí àwọn tó gbéra. Ọ̀rọ̀ yìí yí gbogbo orí kẹrin ìwé mi padà.

Síbẹ̀ mo jábọ̀ fún alábòójútó mi àti ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ní yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, mo gba Oǹdó àti Òkìtìpupa dé Ìgbọ́kọ̀dá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá obìnrin náà. Ẹja ló ń la nígbà tí mo sọ fún un. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni àwọn tó gbọ́ ọ wí. Mo ní ìyá kan káwọ́ lérí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹja. Ó pẹ́ kó tó ní kí n fi ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ bó ṣe wà, àmọ́ kí n yọ orúkọ ọkọ̀ ojú omi yẹn kúrò. Ojú rẹ̀ ni mo ti yọ ọ́.

Ọ̀gá san ₦6,000 padà lọ́jọ́ karùn-ún, mi ò pè é kó tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ti gbé ọmọbìnrin náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Ìyá ẹlẹ́ja ti tẹ̀ka sí ìwé ìpàṣírímọ́, lẹ́yìn tí mo kà á fún un láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n pa ohùn rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lójú mi, ṣùgbọ́n títí di òní fíláàṣì mi kan ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, "ọ̀la, àǹtí" ni mò ń gbọ́. Inú mi kò dùn sí ìyẹn rárá.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, mi ò sì ní fi kún un, torí mo ti ṣèlérí fún obìnrin kan, ìlérí yẹn sì bà jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́fà ló kù nílẹ̀. Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ fún ọmọbìnrin yẹn láàárọ̀ Mọ́ńdè.