Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré tó ní “kò sáré rí”

Ẹ̀yin tá a jọ ń kó rélùwéè kéékèèké jọ, bí ẹ bá fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lónìí nítorí ẹ́ńjìnnì àlòkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yẹn dúró ná kí ẹ ka èyí tán. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó ṣe é ṣì ń tajà. Mi ò dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ tó fi bá mi sọ̀rọ̀ ti di àwátì, òmíràn ló sì máa gbé jáde. Bó ṣe ń ṣe é gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹ́ńjìnnì eléèédú ni mo ń wá, ìwọ̀n HO, ìyẹn 1:87 (ó kéré sí ojúlówó rélùwéè ní ìlọ́po mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún), tó ń sáré lórí ojú irin tó fẹ̀ tó mílímítà 16.5. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá irú rẹ̀. Ọlọ́jà yìí gbé ọ̀kan síta. Ó ní páálí rẹ̀ wà níbẹ̀, decoder DCC (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àṣẹ, ká lè máa darí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lórí ojú irin kan náà) wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, orí pẹpẹ ló wà, kò sáré rí. Owó tó dá lé e fi díẹ̀ dín sí iye tí irú rẹ̀ ń lọ. Kò jẹ́ kó dín púpọ̀, kí ara má bàa fu èèyàn. Fọ́tò méje ló gbé síbẹ̀, gbogbo wọn sì mọ́ kedere. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì wà níbẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, àti páálí lóríṣiríṣi. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó fi abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà hàn.

Mo béèrè. Mo ní kó jọ̀ọ́ dojú rẹ̀ dé, kó ya wíìlì rẹ̀ fún mi. Ó ní òun ò sí nílé, òun máa yà á tóun bá dé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, dípò fọ́tò, ọ̀rọ̀ ló fi ránṣẹ́: ẹlòmíì ti fẹ́ san owó, èmi lòun kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tóun fi ń sọ fún mi. Ó tún ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ lórí PayPal bí ìgbà téèyàn ń fowó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, kí wọ́n má bàa yọ nǹkan nínú rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé gbogbo ẹni tó ń kà á: owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí owó ọ̀rẹ́ àti ẹbí kò sí lábẹ́ ààbò tí PayPal ń fún ẹni tó ra ọjà. Bí ọjà bá já sí irọ́, ẹ ò ní ibi tí ẹ máa gbé ẹjọ́ yẹn lọ lọ́dọ̀ wọn. Ọlọ́jà tó ní kí ẹ gba ọ̀nà yẹn ti mọ ohun tó ń ṣe.

Nígbà tí ẹrù dé, páálí lẹ́wà lóòótọ́. Mo yọ ẹ́ńjìnnì jáde, mo dojú rẹ̀ dé, ọkàn mi sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wíìlì irú ẹ́ńjìnnì yìí, idẹ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá fi níkẹ́ẹ̀lì bò ó lójú, ìdí tó fi ń dán bíi fàdákà nìyẹn. Tó bá ti sáré pẹ́, níkẹ́ẹ̀lì á jẹ, idẹ á sì yọjú ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú níbi tí wíìlì ti ń fara kan ojú irin. Ti èmi yìí, idẹ ti yọjú yí ká gbogbo wíìlì tó ń wa ọkọ̀. Ìdọ̀tí dúdú gan pa mọ́ eteetí wọn. Rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń bọ wíìlì kan kó lè di ojú irin mú ti le gbagidi, ó sì ti sán. Ìyẹn kì í ṣe ọkọ̀ orí pẹpẹ. Ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Mo tún gbé e lé ojú irin. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo DCC mọ̀ pé decoder tuntun máa ń jẹ́ nọ́ńbà 3, nọ́ńbà yẹn la sì fi ń pè é. Bí ìlànà NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn, inú CV1 ni nọ́ńbà náà sì máa ń wà (CV ni àyè tí decoder ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí). Mo pe 3, kò dáhùn. Mo rò pé ó ti kú. Mo gbé e lọ sórí ojú irin tí mo fi ń ṣètò decoder, mo ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ni mo bá rí i pé nọ́ńbà gígùn ni wọ́n ti kọ sínú CV17 àti CV18: nọ́ńbà tí wọ́n kùn sára ẹ́ńjìnnì náà gan-an. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn tí a bá fẹ́ fi ọkọ̀ sáré pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ mìíràn. Mo mọ̀ pé ọlọ́jà olóòótọ́ lè yí nọ́ńbà padà nígbà tó ń dán ọjà wò, nítorí náà èyí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Àmọ́ nígbà tí ó bá bá wíìlì tó ti jẹ pàdé, kò sí àwíjàre mọ́.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ẹ́ńjìnnì àlòkù kò burú. Púpọ̀ nínú èyí tí mo ní, àlòkù ni. Tó bá sọ fún mi pé ó ti sáré, mi ò bá ra rọ́bà tuntun, kí n fọ wíìlì, ká tẹ̀ síwájú. Ohun tó dùn mí ni èyí tí mo rí nígbà tí mo tú síkúrù tí mo sì ṣí ara rẹ̀. Ṣásí rẹ̀, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ti wú, ó ti tẹ̀ bí ọrun, ìlà sísán tín-tìn-tín sì kún ara rẹ̀. Ẹnì kan ti fi pọ́tì dí àwọn ìlà náà, ó wá kùn ún ní dúdú.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú ohun tá a fẹ́ràn yìí, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Irin tí wọ́n ń dà sínú móòdù fi ṣe ṣásí, síǹkì tí wọ́n pò mọ́ alumíníọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù àti bàbà ni. Wọ́n ń pè é ní zamak. Ilé iṣẹ́ New Jersey Zinc ló gbé e jáde ní 1929, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní èdè Jámánì ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Irin tó dára ni tó bá mọ́. Àmọ́ bí òjé bá wọ inú rẹ̀, kódà kó kéré gan-an, irin náà á máa jẹ ara rẹ̀ láti inú wá. Á wú, á tẹ̀, á sán, á sì wá máa rún bíi bísíkíìtì. Àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ló pọ̀ jù nínú àwọn tí àrùn yìí ń pa, ṣùgbọ́n ó ti mú àwọn tuntun náà. Kò lóògùn. Kò sí pọ́tì, kò sí gúlúù, kò sí ọ̀dà tó lè dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé ọlọ́jà yìí ṣàṣìṣe. Ẹni tó fi pọ́tì dí ibi tó sán ti rí i, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá rà á máa di òkú ẹrù mú.

Mo sọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tá a jọ ń ṣe é, àwọn méjì sì sọ irú rẹ̀ fún mi. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹnì kan náà ni, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni: fọ́tò tó pọ̀, ibi kan tó ń pa mọ́, àti ìkánjú. Ọ̀kan nínú wọn, mọ́tò ìṣeré Hot Wheels ló ń kó jọ. Láti 1995 ni wọ́n ti ń fi àwọn tí wọ́n ń pè ní Treasure Hunt há àárín àwọn yòókù, àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù nínú wọn sì ní ọ̀dà Spectraflame tó ń dán àti táyà rọ́bà gidi. Ohun tí wọ́n tà fún un ni mọ́tò lásán tí wọ́n bọ wíìlì onírọ́bà òmíràn sí lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti lu orí rífẹ́ẹ̀tì tó di abẹ́ mọ́tò mọ́ ara. Ojú ìlù yẹn kì í parẹ́. Abẹ́ náà sì ni wọn ò yà sínú fọ́tò. Èkejì ra páálí tí wọ́n ní ó ti wà ṣáájú ogun; nígbà tó tan iná UV sí i nínú òkùnkùn, ó tàn yànràn ní àwọ̀ búlúù. Bébà ayé ìgbà yẹn kì í tàn bẹ́ẹ̀, torí kẹ́míkà tó ń mú bébà funfun báláú kò tíì wọ inú iṣẹ́ bébà nígbà náà. Ẹnì kan ló tẹ páálí yẹn láìpẹ́ yìí.

Ọ̀kan tún wà tí mo fẹ́ fi kún un, torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń kó sí i. Ọlọ́jà tó lù mí ní jìbìtì yìí kan náà ń ta ẹ́ńjìnnì onírin mẹ́ta (èyí tí ojú irin rẹ̀ ní irin ìkẹta láàárín), ó sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé “HO ni HO ń jẹ́, ojú irin yòówù ló máa gbà á.” Irọ́ ni. Láti 1935 ni ilé iṣẹ́ Märklin ní Jámánì ti ń ṣe ọkọ̀ ìwọ̀n yìí tó ń gba iná láti àárín ojú irin, wíìlì rẹ̀ méjèèjì sì so pọ̀. Bí ẹ bá gbé e lé ojú irin onírin méjì, iná ọ̀tún àti ti òsì á pàdé lójú ẹsẹ̀, ẹ sì lè ba ẹ̀rọ iná yín jẹ́.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Mi ò san owó kankan láìrí fọ́tò abẹ́ ọkọ̀, pẹ̀lú bébà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ọlọ́jà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ mi àti déètì ọjọ́ yẹn sí. Ẹni tí ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́ máa ṣe é láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà mo máa béèrè fídíò: kó rọra rìn síwájú, kó padà sẹ́yìn, kí iná rẹ̀ yí. Ọkọ̀ tí ṣásí rẹ̀ ti tẹ̀ kì í lè rìn pẹ̀lẹ́, á máa ta kọ́ńkọ́. Bí ẹni náà bá ní ẹlòmíì ti ń dúró, mo máa ń jẹ́ kí ẹlòmíì yẹn gbé e. Nígbà tí ẹrù bá dé, mo máa ń gbé fóònù sílẹ̀ kó máa ya fídíò mi bí mo ṣe ń já téèpù ara rẹ̀, mo sì máa ń ṣí ara ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọjọ́ tí wọ́n fún mi láti ráhùn má bàa kọjá.

Kí ẹ sì gbé fọ́tò ọlọ́jà sínú Google, kí ẹ wá irú rẹ̀. Mo ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Méjì nínú fọ́tò méje yẹn jáde ní ibòmíràn, pẹ̀lú déètì tó ti ju ọdún mẹ́ta lọ. Mo kọ̀wé sí ẹni tó gbé wọn síta nígbà náà, ó sì fi fọ́tò tuntun dá mi lóhùn, pẹ̀lú orúkọ mi lórí bébà níwájú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tà á rí, kò sì ní in lọ́kàn láti tà á. Tí ẹ bá rí ẹ́ńjìnnì eléèédú dúdú kan lórí aṣọ aláwọ̀ ewé, tí igun páálí rẹ̀ ya díẹ̀ lápá òsì, tí ẹnì kan ní òun ń tà á, ẹ má fèsì, ẹ fi tó mi létí kíákíá.